Ìdí tí ìbò Odigbó àtàwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan nípìnlẹ̀ Oǹdó fi máa ń ya èèyàn lẹ́nu

Ká ní ẹnì kan jókòó lálẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 2020, tó ń fi ìlú abínibí àwọn olùdíje ṣírò bí ìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó yóò ṣe lọ lọ́jọ́ kejì, ìṣirò náà kò ní í le rárá. Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti ẹgbẹ́ APC, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ní ìhà Àríwá ìpínlẹ̀ náà. Amòfin Èyítáyọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́ ti ẹgbẹ́ PDP, ọmọ Àkúrẹ́ ni, ní Àárín Gbùngbùn. Agboọlá Àjàyí, tó jẹ́ igbákejì gómìnà nígbà náà, ṣùgbọ́n tó ti bá ọ̀gá rẹ̀ jà, tó wá gbé àpótí lábẹ́ ẹgbẹ́ ZLP, ọmọ Kiribo ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹsẹ̀-Odò, ní ìhà Gúúsù. Kálukú yóò kó ìbò ilé bàbá tirẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Apá kan nínú ìṣirò náà ṣẹ. Ní Ọ̀wọ̀, Akérédolú ní ìbò 35,957, Jẹ́gẹ́dẹ́ sì ní 5,311. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ náà yí bìrí: Jẹ́gẹ́dẹ́ ní 47,627, Akérédolú ní 17,277. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kàwé ìbò dé ìhà Gúúsù, gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ oníṣirò wa lọ́wọ́. Ní Ẹsẹ̀-Odò, nílé Àjàyí gan-an, ìbò 4,760 péré ni wọ́n dì fún un, APC sì kó 13,383. Ní Odigbó, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ọ̀rẹ̀ jẹ́ ibùjókòó rẹ̀, APC ní 23,571, PDP ní 9,485, ZLP sì ní 6,540. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, fi máa ka gbogbo rẹ̀ tán, Akérédolú ló mókè ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú méjìdínlógún, pẹ̀lú ìbò 292,830. Jẹ́gẹ́dẹ́ ní 195,791, Àjàyí ní 69,127.

Èsì Odigbó yìí la fẹ́ fi ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ wa. Kò sí ọmọ ibẹ̀ kankan nínú àwọn olùdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà. Ìhà Gúúsù ló wà, ọmọ Gúúsù sì wà nínú ìdíje, síbẹ̀ ọmọ Ọ̀wọ̀ ló kó ìbò wọn lọ. Òṣèlú ìpínlẹ̀ Oǹdó kún fún irú èsì báyìí, àwọn tó ń gbọ́ ọ láti òkèèrè a sì máa yára sọ pé èrú ni, tàbí pé owó ni. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn kò mọ irú ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni.

Àlàyé tó kọ́kọ́ máa ń wá sẹ́nu ni pé àwọn alátakò ló pín ìbò mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà wò ó. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Oǹdó, níbi tí Gómìnà tẹ́lẹ̀, Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò, tí í ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ ZLP, ti jẹ́ ọmọ bíbí ìlú náà, APC ní 15,977, PDP ní 10,627, ZLP ní 10,159. Bí a bá pa ìbò PDP àti ti ZLP pọ̀, 20,786 ni yóò jẹ́. Ní Òkìtìpupa, APC ní 19,266, PDP ní 10,367, ZLP ní 10,120. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì tó kẹ́yìn jẹ́ 20,487. Ní ibi méjèèjì yìí, a lè sọ pé ìjà àárín àwọn alátakò ló gbé ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba borí. Ṣùgbọ́n Odigbó kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ pa 9,485 pọ̀ mọ́ 6,540, ohun tí ẹ máa rí ni 16,025. APC ṣì fi ìbò tó lé ní ẹgbẹ̀rún méje ju àwọn méjèèjì lọ. Ohun mìíràn wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun náà, kó kọ́kọ́ mọ bí Odigbó ṣe rí. Ìlú Odigbó fúnra rẹ̀, tí Ọ̀rúnjà jẹ́ ọba rẹ̀, ìlú àtayébáyé ni, èdè ẹnu àwọn ọmọ ibẹ̀ sì sún mọ́ ti Oǹdó. Bí èèyàn bá kọrí sí Aráròmí-Obu, níbi oko rọ́bà, àárín àwọn Ìkálẹ̀ ló dé yẹn. Ọ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, oríta ni. Ọ̀nà tó ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa àti ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ṣágámù lọ sí Benin ló pàdé níbẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé, ní oṣù kẹjọ, ọdún 1967, ibẹ̀ làwọn ọmọ ogun Biafra tó gba Benin kọjá dé kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró, ohun tó sì bí ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ṣì máa ń sọ títí dòní nìyẹn, pé ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ náà ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀rẹ̀ di ibi tí gbogbo ọkọ̀ tó ń ti ìhà Ìlà-Oòrùn bọ̀ wá sí Èkó ti ń dúró jẹun. Ta ni nínú wa tó rin ọ̀nà yẹn tí kò tí ì jẹ iyán Ọ̀rẹ̀ rí?

Igbó ló wà ní agbègbè náà tẹ́lẹ̀, igbó ọba Olúwa sì wà lára rẹ̀. Igi gẹdú ló kọ́kọ́ pe àlejò wá, lẹ́yìn náà ni kòkó àti ọ̀pẹ. Àwọn ará Oǹdó sọ̀ kalẹ̀ wá dá oko kòkó sínú igbó, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun wá, àwọn Úróbò tó ń fọ epo wá, àwọn Ebira àtàwọn Igede wá ṣe lébìrà, àwọn Ìgbò ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ojú títì. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 230,351 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà. Àìmọye wọn ni kì í ṣe ọmọ bíbí ibẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú òṣèlú ni pé kò sí ilé kan tó lè pe gbogbo Odigbó jọ, kó sọ pé ọmọ wa lẹ máa dìbò fún. Ní Ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò gba àlàyé. Ní Àkúrẹ́ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀rẹ̀, bí o bá sọ pé ọmọ wa, wọn á bi ọ́ pé ọmọ àwọn wo? Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún 1976, kò sí ọmọ Odigbó kankan tó ti jẹ́ gómìnà alágbádá. Ajásin àti Akérédolú wá láti Ọ̀wọ̀, Adéfarati wá láti Àkùngbá, Àgàgú wá láti Ijù-Odò ní Òkìtìpupa, Mímikò wá láti Oǹdó, Ayédatiwa sì wá láti Obe-Nla ní Ìlàjẹ. Ẹni tí kò ní ọmọ nínú eré ìje, ohun tí yóò máa wò ni ẹni tó ṣe nǹkan fún un, àti ẹni tó lè ṣe é.

Ohun tí Akérédolú ṣe ní Ọ̀rẹ̀ wà lójú títì tí gbogbo ayé ń rí i. Ìjọba rẹ̀ ló kọ́ afárá olókè sí oríta náà, níbi tí ọkọ̀ tírélà tó ń sáré lórí ọ̀nà márosẹ̀ ti máa ń pàdé ọlọ́kadà, onímọ́tò àtàwọn tó ń fẹsẹ̀ sọdá láti apá Oǹdó sí apá Òkìtìpupa. Ẹni tí kì í gbé Ọ̀rẹ̀ lè rò pé nǹkan kékeré ni afárá. Ẹni tó ti sin èèyàn nítorí oríta yẹn kò lè rò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò sì tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù keje, ọdún 2019, àwọn agbébọn pa Abilékọ Fúnkẹ́ Ọlákùnrin, ọmọ olórí ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re nígbà náà, Pa Reuben Fásọ̀ràntì, lójú ọ̀nà Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló gbọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tó wà ní abúlé inú igbó Odigbó ti ń sunkún ẹran tó ń jẹko wọn àti àwọn ajínigbé kó tó di ìgbà náà. Nígbà tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020, Akérédolú ló jẹ́ alága wọn. Kò sí ẹni tó lè wọnú ọkàn olùdìbò 23,571 lọ wo ohun tó gbé wọn dé ibùdó ìdìbò. Lójú tiwa, afárá àti Àmọ̀tẹ́kùn ṣe ju orúkọ ẹgbẹ́ APC lọ ní Odigbó lọ́dún náà. Pé ọmọ Ìlàjẹ ni Lucky Ayédatiwa tó fi ṣe igbákejì rẹ̀, ìyẹn ran an lọ́wọ́ ní gbogbo etíkun náà.

Ọ̀rọ̀ Ẹsẹ̀-Odò lè ya èèyàn lẹ́nu ju ti Odigbó lọ. Báwo ni igbákejì gómìnà ṣe lè fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀? Ohun àkọ́kọ́ ni pé ohun tí a ń pè ní ilé ẹnì kan lórí máàpù, ilé méjì lè ni. Àwọn Ìjọ Àpọ́ì àti àwọn Ìjọ Àrógbò ló jọ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ náà, Kiribo sì wà ní apá Àpọ́ì. Ohun kejì ni pé olùdìbò a máa wo ẹni tó lè wọlé. Bí ọmọ rẹ bá dára, tí ẹgbẹ́ tó gbé e dúró kò sì ní ẹsẹ̀ níbòmíràn, ìbò tí o fún un lè di omi tí a dà sẹ́yìn igbá. Àwọn tó ń gbé létíkun, tó jẹ́ pé owó ìjọba nìkan ló lè la odò wọn tàbí gbé iná dé ọ̀dọ̀ wọn, kì í fẹ́ fi ìbò ṣeré. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, Àjàyí tún jáde, lábẹ́ PDP lọ́tẹ̀ yìí, ó sì bá Ayédatiwa, tó ti di gómìnà lẹ́yìn ikú Akérédolú ní oṣù kejìlá, ọdún 2023, pàdé. Ọmọ Gúúsù làwọn méjèèjì. Ayédatiwa ní 366,781, Àjàyí ní 117,845, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan nínú méjìdínlógún tí APC kò ti mókè, Ẹsẹ̀-Odò pẹ̀lú.

Àwọn tó ń fi ẹgbẹ́ òṣèlú ṣírò ìbò Oǹdó ni ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ yìí máa ń yà lẹ́nu jù. Ẹ wo ọdún 2011. Mímikò ló wà lórí àlééfà lábẹ́ ẹgbẹ́ Labour, ẹgbẹ́ náà sì kó ìjókòó sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìpínlẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kan náà, nínú ìbò ààrẹ, Goodluck Jonathan ti ẹgbẹ́ PDP ni ìpínlẹ̀ náà kó ìbò 387,376 fún. Èèyàn kan náà, ọwọ́ kan náà, ẹgbẹ́ méjì. Ọdún 2015, Muhammadu Buhari ti APC ní 299,889 ní Oǹdó, Jonathan ní 251,368, bẹ́ẹ̀ Mímikò tó jẹ́ gómìnà ti kó lọ sínú PDP nígbà náà. Ọdún 2019, APC ló wà nílé ìjọba l'Ákùúrẹ́ báyìí, ìbò ààrẹ sì tún yí padà: Atiku Abubakar ti PDP ní 275,901, Buhari ní 241,769. PDP tún gba ìjókòó sẹ́nétọ̀ Gúúsù àti ti Àárín Gbùngbùn. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n dìbò ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, APC ló sì kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìjókòó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó wà níbẹ̀. Ọdún 2023, Bọ́lá Tinúbú ti APC ní 369,924, Atiku ní 115,463. Ẹgbẹ́ Labour tó ti ṣèjọba ìpínlẹ̀ náà fún ọdún márùn-ún, ìbò 44,405 péré ni olùdíje rẹ̀, Peter Obi, ní níbẹ̀.

Ẹni tó bá ka ìwọ̀nyí pọ̀ yóò rí i pé ẹ̀wù ni ẹgbẹ́ jẹ́ lára olóṣèlú Oǹdó, àwọn olùdìbò náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wo ẹni tó wà nínú ẹ̀wù. Wọ́n tún mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbò Àbújá àti ìbò Àkúrẹ́: wọ́n lè fi ọ̀kan bínú, kí wọ́n sì fi èkejì tọrọ nǹkan. Ní 2019, ìbínú sí Àbújá ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn. Nígbà tó kan ẹni tí yóò máa ṣojú wọn nítòsí, wọ́n padà sọ́dọ̀ ẹni tí ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe òní ni irú èyí bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní a máa rò pé gbogbo Yorùbá ló wà lẹ́yìn Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọdún 1951, ẹgbẹ́ ìlú tiwọn làwọn ará Ìbàdàn kọ́kọ́ dìbò fún, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yàn sì bọ́ sínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, Adégòkè Adélabú dúró sínú NCNC, ó sì kó ìlú náà sẹ́yìn títí tó fi kú ní ọdún 1958. Iléṣà pẹ̀lú, ibi agbára NCNC ni, nígbà tí Ifẹ̀ wà lẹ́yìn Awólọ́wọ̀. Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, NCNC kó ìjókòó ju Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń ṣèjọba. Lára ohun tó fà á ni owó orí tuntun tí wọ́n bù fún ìwé kíkà àti ìlera. Àwọn bàbá bínú sí owó náà kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955; àwọn ọmọ wọn tó jàǹfààní rẹ̀ kì í fẹ́ rántí èyí mọ́.

Modákẹ́kẹ́ ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Àwọn tí ogun lé kúrò ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ sì di ìjà tí kò tán. Nígbà tí Ifẹ̀ bá wà nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, Modákẹ́kẹ́ a wà nínú NCNC. Nígbà ìjọba alágbádá kejì tí Ifẹ̀ wà nínú UPN, Modákẹ́kẹ́ bọ́ sínú NPN. Ẹni tó bá wo orúkọ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí nìkan yóò máa wá èrò òṣèlú kiri, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ oko kòkó ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀tá ọ̀tá mi ni wọ́n ń dìbò fún.

Amẹ́ríkà tó jẹ́ àgbà nínú ìdìbò kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn náà ní ohun tí wọ́n ń pè ní káúńtì, tó fẹ́ jọ ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Káúńtì kan wà ní ìpínlẹ̀ Alabama tó ń jẹ́ Winston. Orí òkè ló wà, àgbẹ̀ tálákà ló pọ̀ níbẹ̀, ẹrú kò sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Alabama fẹ́ ya kúrò lára Amẹ́ríkà ní ọdún 1861 nítorí òwò ẹrú, aṣojú tí Winston rán lọ kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà, fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹgbẹ́ Democrat fi jẹ gàba lórí gbogbo Alabama, Republican ni Winston sábà máa ń ṣe. Òmíràn tún wà ní ìpínlẹ̀ Kentucky tó ń jẹ́ Elliott. Ọdún 1869 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Democrat ló sì dìbò fún nínú gbogbo ìbò ààrẹ títí dé ọdún 2012, nígbà tí gbogbo àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti kó lọ sínú Republican. Ní 2016, Donald Trump ló kó wọn. Ohun tí baba ńlá bá sọ di àṣà lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì wó lulẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ká padà sílé. Ohun mìíràn tó ń yí èsì ìbò po ni iye àwọn tó jáde. Ní ọdún 2024, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò nípìnlẹ̀ Oǹdó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ìbò APC àti PDP pa pọ̀ jẹ́ 484,626. Ẹ ò rí i pé kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní ibi bí Ọ̀rẹ̀, tí àlejò pọ̀ sí, ọ̀pọ̀ ló forúkọ sílẹ̀ sí ìlú abínibí wọn, àwọn mìíràn kò sì forúkọ sílẹ̀ rárá nítorí wọ́n gbà pé ìjà onílé ni. Nígbà náà, ìbò Odigbó kò jẹ́ ohùn gbogbo ẹni tó ń gbé Odigbó. Ohùn àwọn tó jáde ni, nínú àwọn tó ń jáde náà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé dìbò kóo sebẹ̀ ló gbé wọn jáde. A ò ní í fi ìyẹn bò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń rà á ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà owó nìkan kò lè ṣàlàyé ìdí tí ibì kan fi lọ sí ọ̀tún tí aládùúgbò rẹ̀ sì lọ sí òsì.

Ó ṣe pàtàkì kéèyàn mọ gbogbo ìwọ̀nyí, nítorí ọ̀rọ̀ ìyàlẹ́nu ìbò ti pa èèyàn rí ní ìpínlẹ̀ yìí. Ní 1979, ó lé ní ìdá 94 nínú 100 ìbò ààrẹ tí ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀, dì fún Awólọ́wọ̀. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 1983, àjọ FEDECO kéde pé Akin Ọmọ́bọ́ríowó ti NPN, tó ti jẹ́ igbákejì Gómìnà Adékúnlé Ajásin kó tó bá a jà, ló wọlé gómìnà. Àwọn aráàlú mọ ìlú wọn. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n dìbò fún ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, òǹkà tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò kò sì bá ohun tí wọ́n rí mu. Iná sọ. Wọ́n dáná sun ilé, wọ́n pa èèyàn, Ọláìyá Fágbàmígbé, gbajúmọ̀ olùtẹ̀wé l'Ákùúrẹ́, sì wà lára àwọn tó bá a lọ. Ilé-ẹjọ́ ló padà dá Ajásin láre, títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò jí òkú. Kí ọdún náà tó parí, sójà ti gbàjọba.

Ìyẹn jẹ́ ìyàlẹ́nu tó jẹ́ irọ́. Ní oṣù kẹrin, ọdún 2007, òmíràn tún wáyé. INEC kéde Olúṣẹ́gun Àgàgú ti PDP, Mímikò ti Labour sì gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ẹ̀rí àwọn onímọ̀ nípa àmì ìka wà lára ohun tí wọ́n gbé síwájú adájọ́, láti fi hàn pé ìka kan náà ló tẹ ọ̀pọ̀ ìwé ìbò. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá Mímikò láre ní 2008, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Benin sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì, ọdún 2009. Ó fẹ́ pé ọdún méjì kí ẹni tó ni ìbò tó dé orí àga.

Báwo wá lèèyàn ṣe lè mọ ìyàlẹ́nu tòótọ́ yàtọ̀ sí ti ayédèrú? Èyí tó jẹ́ tòótọ́ sábà máa ń ní gbòǹgbò nílẹ̀: afárá, ìjà ilẹ̀, ọ̀nà tí kò dára, igbákejì tó wá láti ìtòsí. Kì í dá dúró sí wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Àwọn wọ́ọ̀dù tó yí i ká a máa fi díẹ̀ jọ ọ́. Èyí tó jẹ́ ayédèrú a máa ga fíofío ní ibùdó kan, ìbò a sì ju iye àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lọ. Ní ọdún 1983, etí ni àwọn aráàlú fi ń gbọ́ èsì, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn tí wọ́n lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọdún 2020, INEC ti ń gbé àwòrán ìwé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ń pè ní IReV, ìbò gómìnà Oǹdó ọdún náà sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Láti ọdún 2022 ni òfin ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ BVAS tó ń yẹ ìka àti ojú olùdìbò wò. Ìwé èsì náà tún gbọ́dọ̀ wà lára ògiri ibùdó ìdìbò kí àwọn òṣìṣẹ́ tó kúrò níbẹ̀. Ibùdó 3,933 ni INEC lò ní Oǹdó ní 2024, ní wọ́ọ̀dù 203. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àdúgbò rẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, ní Aráròmí-Obu tàbí ní ìlú Odigbó ṣe dìbò, kó mú nọ́ńbà ibùdó ìdìbò rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì lọ wò ó níbẹ̀.